Ẹjọ́ Òjò Tó Ba Dẹ́kì Àlàájì Jẹ́

Ẹ̀rín ni àwọn ènìyàn máa ń fi ẹjọ́ yìí rín. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí gan-an, nítorí n kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni.

Láàárín àwọn ọdún 1970, mo jáde ní yunifásítì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Yábàá, mo sì háyà yàrá kan ní Surulérè lọ́dọ̀ Àlàájì kan tó ń ta pákó. Ẹni tó bá rí yàrá háyà ní Surulérè nígbà náà, tí omi ẹ̀rọ tún wà lágbàlá, ó ti rí ogún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájì láràárọ̀ bí ẹni pé òun ló bí mi. Báyìí, mo ti ń pè é ní "ó", n kò pè é ní "wọ́n" mọ́. Ó tó o.

Àlàájì ń sọ ilé náà di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ku kí wọ́n da kankéré sórí dẹ́kì, iṣẹ́ tí ènìyàn kò sì lè ṣe lábẹ́ òjò. Àwọn onílé mìíràn a máa pe àwọn tó ń dá òjò dúró. Àlàájì kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti lọ Mẹ́kà. Èmi ló pè.

"Tíṣà, wọ́n ní òjò lo kà ní yunifásítì."

"Ojú ọjọ́ ni, sà, àti ìdí tó fi ń rí bó ṣe ń rí."

"Òun náà ni. Ìgbà wo ni ká da dẹ́kì?"

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè, mo dáhùn. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò ju ìyẹn lọ. Mo ní kó gbé giramafóònù rẹ̀ wá. Mo gé páálí dúdú róbótó, mo gbé e lé e lórí. Páálí ni ayé, ṣọ́ọ̀kì ni afẹ́fẹ́. Nígbà tí páálí dúró jẹ́ẹ́, mo fa ṣọ́ọ̀kì láti àárín dé etí, ìlà náà gún régé. Nígbà tó ń rọra yí, ìlà tẹ̀. Mo wá tẹ eré tó le jù fún un, ìlà ká bí ìrù alágẹmọ.

Mo ṣàlàyé pé bó ṣe rí lókè náà nìyẹn. Àgùàlà tí à ń pè ní ajá òṣùpá, ó ń fà tìkọ̀ yí bí ìyàwó tí kò fẹ́ relé ọkọ. Kó tó yí ara rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, ó ti yí oòrùn po tán. Níbi tí yíyí bá ti lọ́ra bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná a fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn tààrà láti àárín lọ síbi tó tutù, ooru a sì kárí. Júpítà ń yí bí òkòtó, ìkùukùu rẹ̀ já sí ọ̀já ọ̀já bí aṣọ òfì. Bí ayé tiwa bá ń yí jù báyìí lọ, ooru á há sí àárín, òtútù á sì máa pa àwọn ará ìlú òyìnbó lókè lọ́hùn-ún. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò bọ̀ wá bá wa láti orí òkun náà, yíyí ayé ló ń tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún. Ní oṣù kẹjọ, òjò sábà máa ń sinmi. Mo ní "sábà". Lẹ́ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́.

Àlàájà, ìyàwó rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ilẹ̀ yìí náà ń yí báyìí?"

"Ó ń yí, mà."

"Kí ló dé tí ọbẹ̀ mi ò dànù?"

"Ọbẹ̀ náà ń bá a yí ni."

"Ọbẹ̀ tèmi kọ́."

Oṣù kẹjọ dé, Àlàájì kó bíríkìlà jọ. Wọ́n ti da dẹ́kì dé ìdajì kí òjò tó dé, irú òjò tó ń sọ símẹ́ǹtì di ẹ̀kọ mímu. Kankéré ṣàn gba àgbàlá dé ẹnu ọ̀nà mi, ibẹ̀ ló sì gan sí.

Ká ní Àlàájì sọ pé mo ṣàṣìṣe ni, ǹ bá gba ìyẹn. Ohun tó sọ níwájú gbogbo ayálégbé ni pé èmi ni mo pe òjò. Ó ní mo fi nǹkan funfun sàmì sára ayé, mo yí i, eré tó le jù ni mo sì fi parí rẹ̀.

"Ẹfun ni," ni Àlàájà ń wí fún wọn. "Ojú mi ló ṣe."

Ṣọ́ọ̀kì kíláàsì ni o. Ọkùnrin tí kò jẹ́ pe adájòdúró nítorí ẹ̀sìn ló sọ mí di apejò, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí n kó jáde kí oṣù tó parí.

Nígbà tí mo ń di ẹrù, ó gbé giramafóònù wá sí ẹnu ọ̀nà mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tíṣà, àwọn bíríkìlà ń padà bọ̀ lọ́la. Yí i sẹ́yìn. Bó o bá yí i sẹ́yìn, má kó lọ mọ́."

"Sà, bí ayé bá ń yí sẹ́yìn, apá kejì ni afẹ́fẹ́ máa tẹ̀ sí. Òjò á ṣì mọ̀nà."

"Ṣáà yí i."

Mo rò ó. Bí mo bá yí i tí oòrùn ràn, mo ti gbà pé èmi ni mo pe òjò ìjọ́sí, gbogbo òjò Surulérè á sì máa jẹ́ orúkọ mi. Bí mo bá yí i tí òjò rọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ di méjì.

"N ò yí i, sà."

"Ìwé ti bà ẹ́ jẹ́," ló wí, ó sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Yàrá tí mo rí ní Mushin ń jò, omi ẹ̀rọ sì jìnnà. Baba onílé ibẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó bi mí pé kí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ.

"Ìṣirò, sà," ni mo wí. "Ìṣirò nìkan."