Ẹ̀yìn Náà Ara Ni

"Kẹ̀yìn sí mi ná, kí n rí ẹ dáadáa." Ohun tí télọ̀ wa ní Èjìgbò máa ń sọ nìyẹn kó tó fa téèpù yọ lọ́rùn.

Òun ló ń rán aṣọ fún ẹgbẹ́ eléré wa lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí mò ń kọrin tí mò ń jó lórí ìtàgé. Àwọn télọ̀ eléré mìíràn á fi àrán síwájú, wọ́n á fi aṣọ yẹpẹrẹ dí ẹ̀yìn, torí òǹwòran kì í jókòó sẹ́yìn wa. Tiwa kọ̀ jálẹ̀. Á ní "Bìsìmílà", á sì gé àrán yípo.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ wa bínú. "Télọ̀, ta ló fẹ́ wo ẹ̀yìn?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ̀yìn náà ara ni."

Nígbà tó yá, àwọn oníkámẹ́rà wá fi eré olórin wa ṣe sinimá. Wọn ò fẹ́ ìtàgé. Pápá kan lọ́nà ìlú Ara ni wọ́n kó wa lọ. Mò ń jó lọ, kámẹ́rà ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé sinimá náà wá sílùú, níbi tí orin ti dùn jù, ẹ̀yìn mi ló gba gbogbo ògiri tí wọ́n tan sinimá sí, tí àrán ń kọ mànà. Ariwo sọ!

Nígbà tó parí, ọ̀gá wa lọ bá télọ̀. Ó kẹ̀yìn sí i, ó na apá méjèèjì.

Télọ̀ wa fa téèpù yọ lọ́rùn.