Ajá Tí Hobart Fi Tọrẹ

Ọdún méjìlélógún ni Verna Stidham fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù gbogboogbò, ní ilé ìwòsàn kan láàárín àwọn òkè Kentucky. Abẹ́rẹ́. Ọgbẹ́. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó padà sílé ẹ̀kọ́. Ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì àìsàn ọpọlọ, irú èyí tó ń yẹ aláìsàn wò, tó sì ń kọ oògùn fúnra rẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ ló máa yọ ọ́ lẹ́nu," ni Odell Ritchie, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ní kílíníìkì, sọ fún un. "Tẹ́rù bá ti bà ọ́, o máa ń wá nǹkan fọwọ́ ṣe. Níbí, jókòó. Béèrè. Dákẹ́."

"Ṣé kí n jókòó lé ọwọ́ náà ni, ọ̀gá?"

"Tó bá gbà bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìbéèrè tó le jù lọ ti há sí Verna lọ́fun níwájú aláìsàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Odell bá a béèrè rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Odell wà ní yàrá kejì. Hobart Napier wọlé. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Opal ìyàwó rẹ̀ ti kú láti oṣù mẹ́ta.

"Ṣé ìwọ kọ́ lọmọ Clyde?"

"Èmi ni, bàbá."

"Bàbá rẹ ò mọ ẹja pa rí láyé ẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́ kó gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kúkúrú. "Mi ò rí oorun sùn. Fún mi lóògùn ẹ̀. Kó pọ̀ díẹ̀, kí n má máa pààrà ibí."

Kí Verna tó mọ̀, ó ti wé ọ̀já tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lápá. Ó tẹ rọ́bà rẹ̀ títí ọ̀já náà fi wú. Ó tẹ́tí.

"Ìfúnpá yín dáa ju tèmi lọ."

"Mo ṣáà sọ. Oorun nìkan ni."

Ara Verna balẹ̀. Ó mú bíírò.

"Sukey ajá yín ńkọ́? Àbí òun ló ń gbó mọ́ yín létí?"

"Mo ti fi í ta Delmer lọ́rẹ." Delmer ni àbúrò Opal. "Lánàá. Pẹ̀lú abọ́ ìjẹun ẹ̀."

Bíírò dúró.

Lórí àwọn òkè yẹn, ọkùnrin lè ta ilẹ̀ rẹ̀. Ó lè ta mọ́tò. Àmọ́ ajá ọdẹ tó tọ́ láti kékeré? Hobart kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fún Sukey lóúnjẹ pàápàá.

Bí kò bá béèrè, bàbá yìí á gba oògùn, á sì máa lọ. Ọwọ́ Verna ń lọ síbi ọ̀já náà láti tú u. Ó fà á padà. Ó tì í bọ abẹ́ itan.

"Bàbá, ṣé ẹ ń rò ó láti pa ara yín?"

Hobart wo ilẹ̀kùn.

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn, ọmọ Clyde?"

Ó kù díẹ̀ kí Verna sọ pé kó má bínú. Ó gbé e mì. Ó dákẹ́.

"Ìgò kan ló kù nínú ẹ̀wà tí Opal sè, tó dé pa mọ́ kó má bàa bàjẹ́," ni bàbá náà sọ nígbà tó yá. "Mo ní kí n jẹ ẹ́ tán ná. Mo jẹ ẹ́ tán lánàá."

"Ìbọn ńkọ́?" Ẹnì kan kì í bi ẹnì kejì bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

"Ó wà nínú mọ́tò. Níta."

Verna kò dìde. "Ọ̀gá," ó pe Odell láti orí àga, "ẹ bá wa jókòó." Odell wọlé. Verna kọjú sí Hobart. "Ta lẹ lè fi ìbọn náà pa mọ́ sí lọ́wọ́?"

"O fẹ́ pe ọlọ́pàá."

"Delmer ni mo fẹ́ pè. Lójú yín báyìí."

"Á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ jẹ́ kó ṣe é."

Hobart ti ọwọ́ bọ àpò. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bọ́ sórí tábìlì.

Odell bá wọn pe Delmer lórí fóònù; ogún ìṣẹ́jú ló fi dé. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó gbé ìbọn sínú mọ́tò tirẹ̀, ó sì fa Sukey wọlé.

"Ajá burúkú rẹ nìyí. Ó gbó mọ́jú. Ìyàwó mi ní kí n mú ọ̀kan, òun tàbí ajá."

Odell ti bá Hobart rí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn ìlú kejì. Ọjọ́ mélòó kan. Hobart gbà. Ó na apá sí ajá náà, ọ̀já ìfúnpá ṣì wà lára rẹ̀, rọ́bà rẹ̀ ń fì.

"Ọmọ Clyde, ṣé o fi eléyìí ta mí lọ́rẹ ni?"

Ìgbà náà ni Verna tó yọ ọwọ́ lábẹ́ itan. Ọwọ́ náà ti kú tipiri. Ó rọra tú ọ̀já náà.

Hobart dìde. Ó fa okùn Sukey lé àna rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bá mi tọ́jú ajá mi," ó wí. "Mo ń padà bọ̀ wá gbà á."