Ọjọ́ Tí A Lọ Yan Ilẹ̀ Bálùwẹ̀

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ kí ilẹ̀ bálùwẹ̀ wa máa gbóná. Ọdún kẹta tí a ra ilé sí Clinton ni. A ti hú táìlì àtijọ́ kúrò, ó kù kí a yan òmíràn. Ó ní ẹsẹ̀ òun máa ń tutù bí òun bá wọ ibẹ̀ láàárọ̀. Mo gbà á gbọ́, nítorí òtútù Maryland nílẹ̀ òyìnbó níbí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Ìbàdàn. Ohun tí n kò bi í ni ìdí tí ẹsẹ̀ náà fi ń tutù nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí gbogbo wa ń làágùn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a wakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù táìlì kan ní Riverdale Park. Obìnrin olóhùn pẹ̀lẹ́ kan ló dá wa lóhùn. Ó ní oríṣi ilẹ̀ gbígbóná méjì ló wà. Ọ̀kan ń lo omi gbígbóná nínú páìpù, ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ló yẹ. Èkejì jẹ́ wáyà iná tí wọ́n tò bí ẹní, tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ táìlì. Ó ní èyí ló dára fún bálùwẹ̀ kékeré bíi tiwa. Wọ́n ti tẹ́ méjì sílẹ̀ kí oníbàárà lè tẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní kí a bọ́ bàtà.

Mo dúró lórí ti ọ̀tún. Ooru rẹ̀ rọra gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi gòkè, bí ilẹ̀ àgbàlá nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ọkọ mi dúró lórí ti òsì, ó mi orí.

“Èyí dáa,” ó ní. “Ó ń gbóná dáadáa. Òun ni ká mú.”

Obìnrin náà wo ibi tí wọ́n ti ń tàn án lára ògiri, ó wo ẹsẹ̀ ọkọ mi. “Ẹ má bínú, sà. N kò tíì tan ìyẹn.”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sórí èyí tí mo wà. Mo wo ojú rẹ̀. Ojú tèmi lòun náà ń wò, bí ọmọ ilé ìwé tó ń wá ìdáhùn lójú olùkọ́. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kò mọ èyí tó gbóná yàtọ̀ sí èyí tó tutù.

A dúpẹ́, a jáde. Nínú ọkọ̀ mo bi í pé, “Dádì, láti ìgbà wo?”

“Ó ti lé lọ́dún kan. Bíi pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ló máa ń rí.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Kí n ní kí ni? Pé mi ò mọ ilẹ̀ tí mò ń tẹ̀?”

Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ara mi gan-an ló bí mi nínú jù. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lára ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ rí, mo kàn rẹ ẹ́ sómi ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, dókítà ní àtọ̀gbẹ ni, ó sì ti pẹ́ lára, òun ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ nǹkan mọ́. Ó bi í bóyá ẹnìkan ní in nílé wọn. Ọkọ mi ní òun kò mọ̀, àfi pé bàbá òun ní Ọ̀yọ́ máa ń fi aṣọ wé ẹsẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn sì máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Dókítà kìlọ̀ pé ẹni tí kò mọ ooru lẹ́sẹ̀ lè jóná láìmọ̀.

Mo ní ká gbàgbé ilẹ̀ gbígbóná. Òun ló kọ̀.

“Ìwọ ò lẹ́sẹ̀ ni?” ó ní. “Tèmi ò ní kí tìrẹ má gbádùn.”

A padà lọ ra oníwáyà, èyí tó ń kú fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti kọjá ibi tí a fi í sí. A kò gbé ooru rẹ̀ ga. Ọkọ mi ń wọ sálúbàtà wọ ibẹ̀. Láràárọ̀, ó máa ń jókòó, á gbé ẹsẹ̀ lé mi lórí itan, èmi á yẹ ìka kọ̀ọ̀kan wò bóyá egbò kan wà tí kò mọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú ń tì í, fèrèsé ló máa ń wò. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nípa iṣẹ́, nípa ohun tó ń bà á lẹ́rù, àwọn ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti fẹ́ra.