Ẹ̀pà Tí Dádì Gbé Sílẹ̀

Lánàá, ẹnì kan ń bó ẹ̀pà sísun jẹ lórí train, òórùn ẹ̀ sì gbé mi padà sórí bẹ́ńṣì onígi kan ní Calgary, níbi tí èmi, Dádì àti Uncle Délé, ọ̀rẹ́ Dádì, ti ń wo baseball.

Tíìmù wa ti ń jìyà bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ season. Uncle Délé ní kóòṣì kàn jókòó lé wa lórí bíi àwọn sójà tó ń ṣèjọba nílé ni. Dádì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ni ọkùnrin kan, ọmọ orílẹ̀-èdè wa, bá wá jókòó sẹ́yìn wa. Mọ́mì ti kìlọ̀ pé ká má sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀, torí ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ lọ fún ìjọba nílé. Uncle Délé ò rí i, ó yíjú sí Dádì.

"Ṣebí ìwọ náà lo ní káwọn sójà yẹn máa lọ."

Dádì gbé ẹ̀pà ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Délé, ọ̀rọ̀ tìẹ nìyẹn o. Èmi ò dá sí òṣèlú. Baseball ni mo wá wò."

Mo fẹ́ rán Dádì létí pé nínú kíṣìnì wa ni wọ́n ti sọ ọ́, àmọ́ wọ́n ti fà mí lọ́wọ́ lọ ra ice cream tí mi ò bèèrè.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé airport làwọn sójà ti mú Uncle Délé nígbà tó lọ kí ìyá ẹ̀ nílé.

Lọ́jọ́ náà, Dádì dúró tì mí, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń lá ice cream náà.

"Ṣé ó dùn?"

Wọ́n tún bi mí, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí mo fi sọ pé, "Yes, Daddy."