Iyọ̀ Àkọ́kọ́

Òjòwú ni mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n owú tí mo jẹ nílé ìwòsàn yẹn ní Ìjẹ̀bú-Òde, kì í ṣe nítorí obìnrin. Nítorí ọmọ tí kò tíì tó ẹyọ iyanrìn ni.

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti ìyàwó mi fi wá ọmọ, kí a tó gbà pé kí wọ́n po ẹyin rẹ̀ mọ́ àtọ̀ mi nínú abọ́ dígí. Lọ́jọ́ tí a débẹ̀, ẹni tí yóò máa tọ́jú àwọn ọlẹ̀, ìyẹn ẹyin tó ti ń di ọmọ, jáde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún mi. Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ ní báyọ́lọ́jì nílé ìwé girama ni. Mo nà án lẹ́gba mẹ́fà rí, nítorí ó jí iṣu tí mo fi ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ sè jẹ.

Mẹ́ta ni ọlẹ̀ wa. Àràárọ̀ ló ń fi maikirosikóòpù wò wọ́n, ìyàwó mi ló sì máa ń pè. Kì í pè mí. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín lórí fóònù, èmi á máa fọ eyín bíi pé eyín ló ṣẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní méjì ti kú. A gun kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé àwọn ilẹ̀kùn tín-tìn-tín wà lára ọlẹ̀. Ibẹ̀ ni iyọ̀ ń gbà wọlé, omi á tẹ̀ lé iyọ̀, àyè á sì ṣí láàárín rẹ̀. Bí àyè yẹn kò bá ṣí, ọlẹ̀ kò lè dúró nínú ilé ọmọ.

Ó kọjú sí ìyàwó mi. "Mà, ọ̀gá ló fi iṣu kọ́ wa. A gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, a bu iyọ̀ síbẹ̀, a gbé e sínú omi. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, omi ti kún ihò yẹn."

Iṣu tí ó jí jẹ ló tún fi ń gbayì lójú ìyàwó mi! Mo ní kí èmi náà wo ọmọ mi. Ó bẹ̀ mí, ó ní ṣíṣí àpótí tí ọlẹ̀ wà lemọ́lemọ́ lè pa á. Mo padà sórí bẹ́ǹṣì.

Lọ́jọ́ karùn-ún ó pe ìyàwó mi pé àyè ti ṣí. A jọ sunkún. Síbẹ̀ mo bi ìyàwó mi pé kí ló dé tí ọmọkùnrin yẹn kò pè mí. Wọ́n gbé ọlẹ̀ náà sínú ilé ọmọ rẹ̀, ó sì dúró.

Nígbà tí a bí ọmọ náà, ilé bàbá mi ní Ìmùṣin la ti sọ ọ́ lórúkọ. Àǹtí bàbá mi fi iyọ̀ kàn án láhọ́n.

"Iyọ̀ àkọ́kọ́ tí o máa tọ́ wò láyé rè é. Ayé rẹ á dùn."

Gbogbo wa ṣe àmín. Mo gbójú sókè, mo rí ọmọkùnrin tó tọ́jú ọlẹ̀ wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ẹgba sì tún ń yún mi. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kì í ṣe iyọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Òun nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tí àkọ́kọ́ gba ẹnu ilẹ̀kùn tín-tìn-tín wọlé.