Wọ́n Kun Iṣẹ́ Agathe Lọ́dà

Agathe Ṣẹ̀hìndèmí ti kú. A sin ín sí Odomèta ní Sátidé tó kọjá. Ọ̀gbẹ́ni Cyriaque, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga tí èmi àti Agathe ti jọ kọ́ni, gbé òdòdó wá, ó sì pè é ní “ìmọ́lẹ̀ wa.” Ta ló pa ìmọ́lẹ̀ náà?

Bí ohun kan bá ń sáré ju ohùn lọ, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ a lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, a sì máa gbọ̀n. Bí gbígbọ̀n náà bá gbilẹ̀, afẹ́fẹ́ a dàrú, ooru a sì ba ohun náà jẹ́. Láti fi bo irú ohun bẹ́ẹ̀, Agathe po ìyẹ̀fun pòpórò àgbàdo mọ́ amọ̀ ìlú Adakplamè, ó sun ún. Pòpórò jóná, ó fi ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Àwọn ihò wọ̀nyẹn ń gbé gbígbọ̀n náà mì. Kò sì bò ó mọ́lẹ̀ pé wọ́n lè ru gbígbọ̀n mìíràn, èyí tó lọ́ra, sókè díẹ̀. Ìwọ̀n ihò tó yẹ ni ó ń wá títí ewú fi bo orí rẹ̀.

“Màmá, àlejò ń bọ̀ láti Kútọnu,” ni Cyriaque wí. “Amọ̀ yín dà bí igi tí ikán jẹ. Ẹ jẹ́ ká kùn ún.”

“Ọ̀gá, ihò yẹn gan-an ni iṣẹ́.”

“Áà! Obìnrin tí kò fẹ́ ọ̀ṣọ́!”

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀.

Agathe lọ bu amọ̀. Kí ó tó dé, ọ̀dà funfun ti dí gbogbo ihò. Níwájú àlejò, wọ́n tú afẹ́fẹ́ tí a kì sínú àgbá lu amọ̀ náà. Afẹ́fẹ́ dàrú bí ẹni pé kò sí ihò kankan. Kò kúkú sí. Agathe ní, “Ọ̀dà ni.” Cyriaque ní, “Ẹ má bínú, Màmá ti dàgbà.” Wọ́n ti yàrá iṣẹ́ rẹ̀ pa. Àga tó kán ló wà níbẹ̀ báyìí.

N kò ní sọ pé ọ̀dà ló pa á. Ọkàn rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n lórí ibùsùn, kò béèrè oògùn lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ṣé wọ́n ti ṣí yàrá náà?”

Amọ̀ tí ọ̀dà kò kàn ṣì wà lọ́dọ̀ Flora, ọmọ rẹ̀. Kí Cyriaque ṣí yàrá. Kí ó pe àwọn àlejò kan náà padà. Kí ó tú afẹ́fẹ́ lu amọ̀ yìí lójú wọn, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó ní kí a kun èyí tí wọ́n rí.

Lẹ́yìn náà, kí ó wá gbé òdòdó.