Ọ̀rọ̀ Ètè Ìyá Kí-lẹ-wí

Wọ́n ti kun ilé ìhunṣọ tó wà létí odò o. Wọ́n tún ògiri bíríkì rẹ̀ rẹ́, wọ́n fi gíláàsì tuntun sí gbogbo fèrèsé, wọ́n wá gbé pátákó kọ́ ẹnu ọ̀nà pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ bà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bíríkì rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Etí àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò béèrè.

Ìyá Kí-lẹ-wí wà lára wọn. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀, á ní, "Kí lẹ wí?" Ẹ tún un sọ, á tún ní, "Kí lẹ wí?" Bó ṣe di oyè mọ́ ọn lórí nìyẹn. Kò bínú sí orúkọ náà, torí kò gbọ́ ọ rí.

Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ wọ ilé ìhunṣọ yẹn nígbà tí wọn ò tíì lọ́kọ. Kẹ̀kẹ́ ńlá kan wà lábẹ́ ilé, omi odò ló ń yí i, òun ló sì ń fa gbogbo ẹ̀rọ òkè. Ẹ̀yin èèyàn mi, ariwo! Pákó ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀, eyín ń gbọ̀n lẹ́nu. Bó o kígbe títí ọ̀fun rẹ fi fẹ́ já, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ò ní gbọ́. Kí làwọn ahunṣọ wá ṣe? Wọ́n pa ohùn tì. Wọ́n á la ètè gbàgàdà, wọ́n á máa fẹnu ya ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú lẹnìkejì á fi gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ètè ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà tó ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́! Ọ̀gá á dúró sáàárín wọn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ imú rẹ̀, wọ́n á bọ́ sórí ti ìyàwó rẹ̀, òun á rò pé oorun ló ń kùn wọ́n tí wọ́n fi ń yán.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ dákẹ́, ilé-iṣẹ́ kógbá sílé. Kò dá etí padà fún wọn kó tó lọ. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti di adití. Ẹ̀gbọ́n ò bímọ, ọkọ àbúrò ti kú, ni wọ́n bá jọ ń gbé yàrá kan nínú àwọn ilé tóóró tí wọ́n kọ́ fún òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ilé ìhunṣọ. Bí wọ́n bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ètè nìkan lẹ ó rí tó ń jó. Àwọn ará àdúgbò ní afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń jẹ. Kí wọ́n máa ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Nínú gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo ni ìyá yìí kì í bi ní "Kí lẹ wí?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Àfi ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ẹ̀gbọ́n. Ó gba apá, ó gba ẹsẹ̀, ó wọ́ ẹnu lọ sápá òsì. Ẹ̀gbọ́n, ìyá àgbà, ń sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn, ó tejú mọ́ àbúrò rẹ̀, ètè ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àbúrò sún mọ́ ọn, ó bọ́ sápá ọ̀tún, ó bọ́ sápá òsì, ó ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Kò rí ọ̀rọ̀ kankan mú níbẹ̀. Wọn ò mọ̀wé, ká ní wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wí?" Omijé bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n, torí àbúrò rẹ̀ ò bi í bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin àbúrò, tó wá bá wọn tọ́jú aláìsàn, tí etí tirẹ̀ dá ṣáká, ló sáré bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó dojú kọ ọ́, ó la ẹnu dáadáa: "Màámi, màmá àgbà lóhùn o! Bẹ́ ẹ ṣe jáde báyìí, wọ́n ní, 'Pè é wá fún mi.' Mo gbọ́ ọ ketekete!"

Háà! Inú ìyá dùn débi pé ó fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ gbá ọmọ mọ́ra. Ṣebí ó ti bùṣe: ẹ̀gbọ́n á sọ ọ́, ọmọ á gbọ́ ọ, á fi ètè tirẹ̀ tún un sọ fún òun. Wọ́n sáré wọlé. Ẹ̀gbọ́n rí àbúrò rẹ̀, ojú rẹ̀ tàn, ó la ẹnu wíwọ́ náà, ohùn bá pa rẹ́. Ọmọ fi etí lé e lẹ́nu, èémí lásán ló bá níbẹ̀. Kì í ṣe àrùn ló pa ohùn yẹn o. Àṣà ni. Láti ìgbà èwe wọn, bójú àwọn méjèèjì bá ti ṣe mẹ́rin, ohùn kì í dá sí i. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó gbóhùn sókè. Ó rọra mi orí pé ó yé òun, ó sì tún la ẹnu láìsí ohùn. Kò mọ̀ pé ohùn ò jáde. Etí wo ló fẹ́ fi mọ̀?

Àbúrò wá fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń yọjú wo ẹnu ọmọ rẹ̀. Ọmọ ní, "Màmá àgbà, kí lẹ fẹ́ sọ fún màámi? Ẹ sọ ọ́ fún mi, màá jíṣẹ́." Ìyá àgbà fi ohùn dáhùn. Ojú ọmọ fà ro, ó kọjú sẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Wọ́n ní, 'Òun ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé.'"

Bí wọ́n ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde nìyẹn, títí ẹ̀pa ò fi bóró mọ́. Ìyá àgbà kú lọ́sàn-án, tòun tọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ wá wo ìkà ikú: bó ṣe kú tán ni ẹnu tó wọ́ tọ́ padà. Àbúrò jókòó tì í, ó ń wo ètè tó ti tún ṣeé kà, kò sóhun tó rí kà níbẹ̀. Wọ́n ní bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Irọ́ ni! Inú ìyá yìí bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ṣí ilé ìhunṣọ fún àlejò. Wọ́n lọ mú Ìyá Kí-lẹ-wí wá, wọ́n fi aga sí i níwájú, wọ́n tan ẹ̀rọ kan. Pákó ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń mú àlejò káàkiri kọjú sí i, ó la ẹnu gbàgàdà: "Ìyá, ẹ̀yin nìkan lẹ kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ètè hàn wá."

Ìyá dìde. Ó kọjú sí òdìkejì ẹ̀rọ, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń dúró sí. Ó la ètè láìsí ohùn, ó ya ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ó wu àwọn, kó jọ̀ọ́ kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wí?"